Ààrò Tí Kò Jẹ Igi: Bí Ìmọ́lẹ̀ Oòrùn Ṣe Ń Se Oúnjẹ

Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ààrò kan tí kò jẹ igi, tí kò mu kẹrosíìnì, tí kì í sì í rú èéfín. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn nìkan ni oúnjẹ rẹ̀. Ààrò oòrùn ni a ń pè é. Ẹ rọra kà á. Bí gbólóhùn kan bá le, ẹ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ tún un kà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìdí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá

Màmá kan wà nínú kíláàsì wa ní Òkè-Agbo, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Wọn kì í fi ìwé ṣeré rárá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ka ìlà mẹ́ta, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú wọn, wọn á sì máa fi etí ìró nù ún. Àwa rò pé awò ojú ni wọ́n nílò. A bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní, "Bàbá Tíṣà, ìwé kọ́ ló ń ṣe ojú mi. Èéfín ni. Igi tútù ni mo fi dáná láàárọ̀, mo fẹ́ ẹ títí ojú fi fẹ́ fọ́."

Màmá yìí nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó dé Àgọ́-Ìwòyè, títí lọ dé etí omi ní Abígí àti Ìwópin, igi ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń dáná. Ẹni tí kò rí igi he, á ra igi. Ẹni tó lọ ṣẹ́gi lóko, á pẹ́ kí ó tó dé kíláàsì. Èéfín náà kì í sì í ṣe ohun tí a lè fojú di. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé, ní ọdún 2020, èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ikú ènìyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé. Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn nídìí ààrò ni ó ń fa èéfín yìí símú jù.

Nítorí náà ni a ṣe bi ara wa pé: Oòrùn tó ń ta wá lórí lọ́sàn-án gangan yìí, ṣé kò lè bá wa se ìkòkò kan ṣoṣo lóòjọ́?

Oòrùn ti ń bá wa ṣiṣẹ́ tipẹ́

Kì í ṣe òní ni a ti ń fi oòrùn ṣiṣẹ́. Òun ni a fi ń sá kòkó. Òun ni a fi ń sá ẹ̀lùbọ́ àti ata. Ṣùgbọ́n sísá yàtọ̀ sí sísè. Ohun tí a bá ń sá, gbangba ni a ń tẹ́ ẹ sí, kí atẹ́gùn lè gbé omi ara rẹ̀ lọ. Ohun tí a bá ń sè, a ní láti sé e mọ́ ibi kan, kí ooru má baà sá lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹ kọ́kọ́ níláti dì mú.

Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń di ooru

Ẹ jẹ́ kí a dán nǹkan méjì wò.

Èkíní. Ẹ mú aṣọ dúdú kan àti aṣọ funfun kan. Ẹ tẹ́ wọn sínú oòrùn ọ̀sán fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ ó rí i pé aṣọ dúdú gbóná ju funfun lọ. Kí ló fà á? Aṣọ funfun ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Aṣọ dúdú ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gbé mì kò ṣègbé. Ó yí padà, ó di ooru.

Èkejì. Ẹ rántí ọkọ̀ tí wọ́n gbé sínú oòrùn, tí wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ooru tó máa kọlù yín á ju ti ìta lọ fíìfíì. Ìmọ́lẹ̀ rí ọ̀nà gba inú gíláàsì wọlé. Ó bà lé àga àti ilẹ̀ ọkọ̀, ó di ooru. Ṣùgbọ́n ooru yìí kò rí ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ gbà wọlé gbà jáde. Gíláàsì dí i lọ́nà, ó sì tún sé atẹ́gùn gbígbóná mọ́ inú. Ó dà bí ẹja tó wọ inú ìgèrè: wíwọlé rọrùn, jíjáde ni ìṣòro.

Agbára tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ yìí kò kéré. Oòrùn jìnnà sí wa tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 8 lójú ọ̀nà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ tó ń bà lé ibi tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì gùn ní mítà 1, ní agbára tó tó wọ́ọ̀tì 1,000. Agbára kan náà ni ti sítóòfù iná mànàmáná kékeré kan. Àpótí tiwa kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ààrò oòrùn fi ń lọ́ra ju iná lọ.

Òkúta mẹ́ta ààrò náà

Àwọn àgbà ní, ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ààrò oòrùn náà ní òkúta mẹ́ta tirẹ̀.

Òkúta kìíní ni ohun tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ó lè jẹ́ dígí, ó sì lè jẹ́ bébà tó ń dán bíi fàdákà, èyí tí a ń pè ní fóìlì. Ó ń da ìmọ́lẹ̀ tí ì bá kọjá lọ sínú àpótí.

Òkúta kejì ni ohun dúdú. Ìkòkò dúdú tó ní ọmọrí dúdú ló dára jù. Òun ló ń sọ ìmọ́lẹ̀ di ooru.

Òkúta kẹta ni ohun tó ń há ooru mọ́. Gíláàsì wà lókè. Ohun tí a kì sí ìhà àpótí àti abẹ́ rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yẹ̀, ọbẹ̀ á dànù. Àwa fúnra wa la fi ojú ara wa rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa

Ní oṣù Èrèlé, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan àpótí kan. A bu ẹ̀wà sínú ìkòkò tuntun kan tó ń dán yanran. A gbé e sínú oòrùn ní agogo 10 òwúrọ̀. Nígbà tí agogo 2 ọ̀sán lù, a ṣí i. Ẹ̀wà le kankan bí òkúta. Ẹ̀rín ta. Màmá wa ní, "Bàbá Tíṣà, ó jọ pé oòrùn yín ti jẹun tirẹ̀ tán, ó fi ẹ̀wà sílẹ̀ fún wa."

Ojú tì wá díẹ̀, ṣùgbọ́n a wá ìdí rẹ̀. Ìkòkò tó ń dán náà ni. Ńṣe ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Òkúta kejì ni kò sí.

Ní ọjọ́ kejì, màmá gbé ìkòkò wọn wá láti ilé. Èéfín ti sọ gbogbo ara rẹ̀ di dúdú bí èédú. Dúdú tí à ń fẹ́ gan-an nìyẹn! Èéfín tó ń bá ojú wọn jà ló wá ràn wá lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ẹ̀wà kò jinná tán. Ẹni tó bá ti ń kọjá á ṣí gíláàsì, á yọjú wò ó, á tún un dé. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i ni ooru ń sá jáde. Òkúta kẹta ni a kò jẹ́ kó dúró.

Ní ọjọ́ kẹta, a kìlọ̀ kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ṣùgbọ́n a gbàgbé igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bí oòrùn ti ń yí, òjìji igi náà wá bo àpótí mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó yí i padà. Fóìlì kò rí ìmọ́lẹ̀ kó jọ mọ́. Òkúta kìíní nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹrin, a ti rẹ ẹ̀wà mọ́jú. A gbé àpótí síbi tí òjìji kankan kò lè dé. A lo ìkòkò dúdú. A pín ọmọ kan síbẹ̀ láti máa yí àpótí bí oòrùn bá ti ń yí, kí ó má sì ṣí i. Àwa jókòó sábẹ́ igi máńgòrò yẹn, a ń kàwé. Nígbà tí agogo 2 lù, a ṣí i. Ooru rẹ̀ fẹ́ sí wa lójú. Ẹ̀wà ti rọ̀ múyẹ́múyẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀wà yẹn ni inú wa dùn sí jù. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, màmá wa kò fẹ́ná rárá. Wọ́n ka odidi ojú ìwé kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọn kò fi ìró nujú lẹ́ẹ̀kan.

Bí ẹ ṣe lè ṣe tiyín

Ẹ wá páálí méjì, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré. Kékeré gbọ́dọ̀ wọ inú ńlá, kí àlàfo ìka mẹ́ta ṣẹ́kù yíká àti lábẹ́.

Ẹ ki àlàfo náà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a rún dára. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, níbi tí a ti ń la gẹdú, lẹ́búlẹ́bú igi gbígbẹ tí ayùn ń dà sílẹ̀ náà dára.

Ẹ fi fóìlì bo inú páálí kékeré. Ẹ tẹ́ páànù pẹlẹbẹ dúdú sí ilẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá kùn ún ní ọ̀dà, ẹ gbé òfìfo àpótí náà sínú oòrùn títí òórùn ọ̀dà á fi tán pátápátá, kí oúnjẹ tó dé inú rẹ̀.

Ẹ fi gíláàsì dé ojú rẹ̀, kí ó lé e dáadáa. Ẹ wá páálí pẹlẹbẹ kan, ẹ fi fóìlì bò ó, ẹ gbé e ró lẹ́yìn gíláàsì bí ìdérí àpótí tó ṣí sílẹ̀. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ti í. Ẹ máa yí i títí ẹ ó fi rí i pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń bọ́ sórí ìkòkò.

Bí a ṣe ń fi sè é

Láti agogo 10 sí agogo 2 ni oòrùn máa ń lágbára jù. Láti oṣù Bélú títí dé oṣù Èrèlé, oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ díẹ̀ sí gúúsù, ìyẹn apá ibi tí òkun wà sí wa. Apá ibẹ̀ ni kí ẹ kọjú àpótí sí lọ́sàn-án. Ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gé iṣu àti ànàmọ́ kéékèèké. Ẹ má bu omi púpọ̀, nítorí omi púpọ̀ ń pẹ́ kí ó tó gbóná. Bí oòrùn bá mú dáadáa, ẹ fi nǹkan bíi wákàtí 2 sí 3 sílẹ̀ fún ìrẹsì tàbí iṣu, kí ẹ sì fi wákàtí 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀wà tí a ti rẹ mọ́jú. Ẹ má dààmú bí omi kò bá hó gùdùgùdù. Dígírì 100 ni omi ń hó, ṣùgbọ́n láti nǹkan bíi dígírì 80 ni ọ̀pọ̀ oúnjẹ ti ń jinná, bí a bá fún un láyè. Oúnjẹ inú rẹ̀ kì í sáábà jóná. Kò nílò ẹni tí yóò máa rò ó. Ìyẹn ni pé ìyá lè gbé e kalẹ̀, kí ó sì lọ kàwé, tàbí kí ó lọ tajà.

Ohun tí kò lè ṣe

A kò ní parọ́ fún yín. Ààrò oòrùn kò lè yan gàrí Ìjẹ̀bú wa. Gàrí nílò agbada tó gbóná janjan àti ọwọ́ tó ń ro ó láìdúró. Kò lè din àkàrà. Kò lè ro ìkókorẹ́ fún wa. Kò lè yan ẹja fún àwọn ìyá etí ọ̀sà ní Ìwópin, nítorí èéfín gan-an wà lára ohun tó ń pa ẹja mọ́. Kò lè se oúnjẹ alẹ́ lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Ìgbà òjò náà ń dí i lọ́wọ́. Láti oṣù Igbe títí dé oṣù Ọ̀wàrà, ìkùukùu pọ̀ lọ́dọ̀ wa, pàápàá ní etí omi. Eruku ọyẹ́ náà máa ń dín agbára oòrùn kù. Ní Òkè Ọya, oòrùn wọn lágbára ju tiwa lọ.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹ wó ààrò yín. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí a ń sọ ni pé, lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, kí ìkòkò kan kúrò lórí iná. Igi ìkòkò kan lóòjọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré bí ẹ̀ẹ̀rùn bá fi máa parí. Ọmọ yunifásítì tó gba yàrá kan ní Àgọ́-Ìwòyè náà lè gbé e síta, kí ó dín owó gáàsì rẹ̀ kù.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú wa

Ní ọdún 1767, ọ̀gbẹ́ni Horace-Bénédict de Saussure, ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland, fi gíláàsì ṣe irú àpótí yìí, ó sì fi se èso. Lẹ́yìn náà, ó gbé àpótí lọ sórí òkè gíga kan. Òtútù mú gan-an níbẹ̀, síbẹ̀ inú àpótí gbóná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bó ṣe gbóná ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i? Kì í ṣe ooru ìta ló ń sè é. Ìmọ́lẹ̀ ni.

Láàárín ọdún 1834 sí 1838, John Herschel, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń wo ìràwọ̀, gbé ní ìlú Cape ní gúúsù Áfíríkà. Ó fi pákó ọ̀gànwó kan àpótí kékeré, ó kun inú rẹ̀ ní dúdú, ó fi gíláàsì dé e, ó sì wa yanrìn yí i ká. Ó fi se ẹyin àti ẹran. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin tí ẹ mọ pákó dunjú, ẹ ó rí i pé kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀.

Ní ọdún 1995, ẹgbẹ́ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Solar Cookers International bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn, ní àgọ́ Kakuma ní orílẹ̀-èdè Kenya, bí a ṣe ń fi páálí àti fóìlì se oúnjẹ. Igi ṣọ̀wọ́n púpọ̀ níbẹ̀. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn onímọ̀ ní ibùdó ìwádìí agbára ní Nsukka àti ní Sókótó ti ṣe oríṣiríṣi ààrò oòrùn.

Ìkìlọ̀

Ẹ má tẹjú mọ́ fóìlì tàbí dígí tí oòrùn ń ta sí. Ó lè ba ojú jẹ́. Ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹ bá ń yí i.

Ẹ fi aṣọ dí ọwọ́ kí ẹ tó gbé ìkòkò. Kò sí ọwọ́ iná níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń jóni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn.

Bí òjò bá ṣú nígbà tí oúnjẹ kò tíì jinná, ẹ má fi í sílẹ̀ ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sè é jinná.

Ìparí

Ní ìparí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kẹrin yẹn, màmá wa mú gègé, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sára páálí náà fúnra wọn: ÌMỌ́LẸ̀, DÚDÚ, GÍLÁÀSÌ. Wọ́n ní kí ẹni tó bá tún fẹ́ lò ó má baà gbàgbé òkúta mẹ́ta rẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá ṣe tiyín, ẹ kọ ọ́ sí i lára.

Ìbéèrè

1. Kí ló fà á tí aṣọ dúdú fi ń gbóná ju funfun lọ nínú oòrùn?
2. Dárúkọ òkúta mẹ́ta ààrò oòrùn. Kí ni iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan?
3. Àṣìṣe wo ni a ṣe ní ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta?
4. Báwo ni a ṣe mọ̀ pé kì í ṣe ooru ìta ló ń se oúnjẹ inú àpótí?
5. Dárúkọ oúnjẹ méjì tí ààrò oòrùn lè sè, àti méjì tí kò lè sè.
6. Kọ gbólóhùn mẹ́rin nípa ohun tí ìwọ yóò fi àsìkò rẹ ṣe, bí o kò bá ní láti fẹ́ná lọ́sàn-án kan.